Ẹ gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òkun lọ sí etí òkun

Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì ní yunifásítì wa rí mọ bó ṣe máa ń lọ. Aago mẹ́wàá ló wà nínú ìwé ìpè. Aago mọ́kànlá á ti kọjá kí àwọn ọ̀gá tó wọlé. Wọ́n á kọrin orílẹ̀-èdè, wọ́n á kọ ti ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á pe àwọn èèyàn ńlá sí tábìlì iwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ka ìtàn olùbánisọ̀rọ̀ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé orí oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí àlejò bá máa fi dórí ọ̀rọ̀ tó torí ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, alága á ti máa fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí i pé kó gé e kúrú. Ó ku fọ́tò àti oúnjẹ inú ike.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, a lè fi ṣẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkun ni wọ́n ní kí àlejò wá sọ, ó dùn wá pé àwọn tí òkun ń lé kúrò nílé kì í sí nínú gbọ̀ngàn náà.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Yunifásítì Èkó, LASU, FUTA l'Ákùúrẹ́ àti OAUSTECH l'Ókìtìpupa, kí wọ́n máa gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nínú méjì lọ sí ìlú etí òkun. Kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá. Kí wọ́n sì fún apẹja ní máìkì gẹ́gẹ́ bí olùbánisọ̀rọ̀, kó má jẹ́ pé ìgbà ìbéèrè nìkan ni wọn yóò rántí i. Orúkọ Olúṣẹ́gun Àgágù ni ilé-ẹ̀kọ́ Òkìtìpupa ń jẹ́, ẹni tó kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di gómìnà. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é.

Àwọn kan á ní ìmọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù fún èdè wa. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ìgbì òkun wa kì í kọjú sí ilẹ̀ tààrà. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ̀gbẹ́ rọ́ wọlé, bó sì ṣe ń lu etíkun ló ń wọ́ yanrìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, láti Kútọnu gba Àgbádárìgì dé Èkó. Láàrin 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè ríbi gbà wọlé. Ọkọ̀ ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta yẹn dá yanrìn dúró. Lápá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ilẹ̀ ń gbòòrò. Lápá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà nígbà náà, òkun ń kó yanrìn lọ, òmíràn ò sì dé láti dípò rẹ̀, títí omi fi jẹ ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan. Kútọnu àti Lómé tí wọ́n kọ́ èbúté ní àwọn ọdún 1960 náà rí irú ẹ̀: ìlà-oòrùn èbúté ni omi ti ń wó ilé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìgbì gbé èèyàn lọ ní etíkun Kuramo l'Ékòó. Ta ni kò ní gbọ́ èyí yé?

Wàyí o, ohun tó ń jẹ Èkó gan-an kọ́ ló ń jẹ Ayétòrò, ìlú etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹrẹ̀ ni etí òkun Ìlàjẹ, kì í ṣe yanrìn. Òkúta ràbàtà tó dúró gbọn-in ní Èkó lè rì sínú ẹrẹ̀ rírọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè Awoye, nílẹ̀ Ìlàjẹ kan náà, ipa omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì ti jẹ́ kí omi iyọ̀ ya wọ inú àbàtà tí omi rẹ̀ kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìdènà omi Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe, wọ́n sì tún gbé e fún òmíràn, síbẹ̀ ilé ń wó sómi. Bí ará ìlú bá mọ ohun tí ẹrẹ̀ lè gbé àti ohun tí kò lè gbé, ìbéèrè tí yóò bi agbaṣẹ́ṣe tó tún ń bọ̀ yóò yàtọ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Àwọn ará Ayétòrò kì í sì í ṣe ẹni tí a ó máa bá sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Láti 1947 tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó ni wọ́n ti fi owó àjọní kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, tí wọ́n hun aṣọ, tí wọ́n rán bàtà. Apẹja ibẹ̀ mọ ibi tí ilẹ̀ dé nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, ó mọ oṣù tí òkun máa ń ru. Koríko òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gorí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2011, òun ló ń yọ ọ́ nínú àwọ̀n, òun ló ń tú u kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Onímọ̀ tó ń fi sátẹ́láìtì wò ó láti òkè nílò irú ẹ̀rí yẹn.

A gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìṣirò tó le, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé rẹ̀ wà. Ìdajì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó kù, tí wọn yóò ṣe nínú gbọ̀ngàn, wà fún ìyẹn. Ti pé ọ̀nà jìn ni kò wọ̀ wá létí. Ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ lọ sí Ayétòrò láti Igbókòdá, owó rẹ̀ kò sì tó ti hòtẹ́ẹ̀lì àlejò kan. Bí àpò yunifásítì bá gbẹ, Àbújá ti ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà fún ọ̀rọ̀ òkun láti 2023, ọmọ Yorùbá sì ni mínísítà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn síbẹ̀. Kí àwọn ọ̀gá yunifásítì kọ̀wé sí ibẹ̀ kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí orúkọ apẹja kan, ó kéré tán, sì wà nínú ìwé ètò tí wọn yóò tẹ̀.