Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe iná tó ń bá sítíárìn yí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá tún un ṣe!

Ta ló sọ fáwọn tó ń ṣe mọ́tò pé iná iwájú gbọ́dọ̀ ní ọpọlọ tiẹ̀ lọ́tọ̀? Mo kàn ń béèrè ni o, torí mi ò mọ ẹni tí mo lè bá jà mọ́.

Ọkọ̀ tí mò ń wà ní irú iná tó máa ń yíjú yẹn. Tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn sọ́tùn-ún iná á wo ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá yí i sósì á wo òsì, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan tó wà nínú kọ́nà. Ó dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ mo gbádùn ẹ̀ gan-an, lóru tí títì bá ṣókùnkùn biribiri tó sì ń lọ́ sọ́tùn-ún sósì, èmi á máa rí ẹ̀bá títì níbi tí iná ọkọ̀ ẹlòmíì ti ń tàn sínú igbó lásán. Ṣùgbọ́n ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ ni mò ń sọ yẹn o.

Ní báyìí tí mo bá ṣáná sọ́kọ̀, ẹ wá wòran. Ó yẹ kí iná méjèèjì kọ́kọ́ yẹ ara wọn wò, wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á wọ̀tún wòsì kí wọ́n tó dúró síbi tó yẹ. Tòsì ń ṣe tiẹ̀ láìsí wàhálà. Tọ̀tún á kàn gbọ̀n, á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú, á wá dorí kodò, ó parí nìyẹn. Iwájú bọ́ńpà mi ló ń tàn sí. Bọ́ńpà! Kí ni mo fẹ́ fi bọ́ńpà ṣe lóru? Ìgbà yẹn ni iná ìkìlọ̀ AFS OFF náà (AFS ni wọ́n ń pe iná tó ń yíjú yìí, OFF ni pé ó ti kú) á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí mi lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì ní dákẹ́ títí mo fi máa délé, àfi bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ dorí kodò ni. Pé tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ bá ti rí i pé nǹkan kan ò lọ déédéé, ṣe ló máa rẹ iná sílẹ̀ kó má bàa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀. Ó yé mi, ire ni fẹ́ni tó ń bọ̀. Èmi tí mò ń lọ wá ńkọ́?

Mo gbé e lọ bá rewáyà. Ó ní ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, èyí tó ń wò ó bóyá ẹrù ti tẹ ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ kí iná iwájú má lọ máa wòkè. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Apá kékeré kan báyìí, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ẹrẹ̀, omi àti òkúta ti ń gbá a látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ike ni wọ́n fi ṣe oríkèé ẹ̀. Ike o! Ìyẹn ni pé nǹkan tó máa sọ fún iná ibi tó máa wò, abẹ́ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n rí gbé e sí. Ó ti dípẹtà, ó ti já, a pààrọ̀ ẹ̀. AFS OFF ṣì ń ṣẹ́jú. Ni rewáyà bá ní ó kù kí òun fi òdo hàn án. Òdo wo? Ó ní a máa gbé ọkọ̀ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú pẹrẹsẹ, a máa kó gbogbo ẹrù inú búùtù kúrò, sítíárìn á dúró gan-an láàárín, òun á wá ki kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́ nídìí kó lè mọ̀ pé ibí ni òdo wà. A ṣe gbogbo ẹ̀. Tòsì dáa bí àná. Tọ̀tún ṣì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́.

Ó wá yọ odidi iná náà síta, ó mì ín sí mi létí. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń ró! Jíà oníke kékeré tó wà lára ẹ̀rọ tó ń yí iná ni eyín ẹ̀ ti ká dànù. Mo ní ó ti parí, ẹ jẹ́ ká lọ ra jíà. Ẹni tó ń ta pááàtì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní wọn kì í tà á lọ́tọ̀. Odidi iná ni. Gíláàsì ẹ̀ rèé, kò là, kò pọ́n. Gílóòbù inú ẹ̀ ń tàn yòò. Wáyà ẹ̀ pé. Èèyàn kan ní eyín ń ro òun, ẹ wá ní kó lọ ra orí tuntun! Wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì mọ́ ara ẹ̀ pinpin, tí ẹ bá fi ooru tú u tí ẹ ò sì rí i lẹ padà dáadáa, omi á wọ̀ ọ́, á wá máa hu ìrì nínú, ẹ ti ra wàhálà mìíràn mọ́ ọn nìyẹn.

Ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni pé nǹkan yìí kì í ṣe tuntun rárá. Ní 1948 ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Tucker, 51 péré ni wọ́n ṣe kí iléeṣẹ́ náà tó kógbá sílé, ó ní iná kẹta láàárín gbùngbùn iwájú, tẹ́ ẹ bá ti yí sítíárìn ju digírì 10 lọ á tàn, á sì máa wo ibi tẹ́ ẹ ń yà sí. Nígbà tó di 1967, Citroën ní ilẹ̀ Faransé gbé tiẹ̀ sórí DS, wáyà onírin ni wọ́n fi so iná mọ́ sítíárìn, bí ọwọ́ ṣe ń yí ni iná ń yí. Wáyà! Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tó ń fi òdo han ẹnikẹ́ni. (Àwọn Amẹ́ríkà ò sì gba DS oníná tó ń yíjú yẹn láyè lọ́dọ̀ tiwọn nígbà náà, iná tó dúró gbagidi ni wọ́n ń rà, àmọ́ ìjà tiwọn nìyẹn.) Lẹ́yìn ọdún 2000 ló wá padà dé lọ́pọ̀ yanturu, kọ̀ǹpútà á ka bí sítíárìn ṣe yí tó, á ka eré tí ọkọ̀ ń sá, á ka bí ara ọkọ̀ ṣe ń yà, gbogbo ìṣirò yẹn kó tó yí iná, tí kì í sì í sábà ju nǹkan bíi digírì 15 lọ. Tó bá sì yí i tán, ọwọ́ mi ló ń tẹ̀ lé o, kò mọ̀ pé kọ́nà ń bọ̀. Ìgbà tí mo bá ti ń yà ló máa tó rántí pé ó yẹ kóun náà wò ó.

Ẹ má tíì dá mi lóhùn, mi ò tíì sọ ti aláyíńmẹ́ntì. Ṣáájú gbogbo èyí ni mo ṣe àyíńmẹ́ntì, bí mo ṣe kúrò níbẹ̀ tí ilẹ̀ ṣú, ọkọ̀ ń lọ tààrà, iná ń wo ẹ̀gbẹ́. Mo padà lọ, arákùnrin náà ń fi ákísà nu gíríìsì lọ́wọ́, ó ń búra pé òun ò fọwọ́ kan iná. Òótọ́ ló sì sọ! Kò fọwọ́ kàn án. Sítíárìn ló tún gbé sáàárín, sẹ́ńsọ̀ sítíárìn wá gbà pé a ń yà díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó máa fi òdo tuntun hàn án ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ìwọ̀nba pé mo tún ẹsẹ̀ táyà ṣe, mo fi ba ojú ọkọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí jíà tí wọn ò tà fún mi. Mo ní kí n kúkú ra àlòkù iná. Wọ́n ní kí n yẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn iná wò dáadáa o, tí kò bá bá tèmi mu ó lè jókòó síbẹ̀ rèǹtè-rente kó má yí, àfi kí wọ́n tún lọ fi kọ̀ǹpútà mú òun àti ọkọ̀ mọra. Ṣé iná ni àbí àna?

Rewáyà ló ṣàánú mi, ó fi ìdè ẹ̀yìn iná gbé e sókè díẹ̀ kó lè rí títì, ó ní kó dúró bẹ́ẹ̀ ná. Iná òsì ń yí, tọ̀tún ò yí. Tí mo bá ń ya òsì mo ń ríran, tí mo bá ń ya ọ̀tún mo ń gbàdúrà.

Àwọn kan ti ń sọ fún mi pé kí n lọ ra ọkọ̀ tuntun tí iná ẹ̀ jẹ́ LED wẹ́wẹ́, pé ìyẹn ò nílò jíà, àwọn LED yẹn ló kàn ń tàn tí wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí títì bá ṣe rí. Mo gbọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ná, tí ẹyọ kan bá kú nínú ẹ̀, ṣé wọ́n máa ta ẹyọ kan yẹn fún yín? Lọ́pọ̀ ìgbà, odidi iná náà ni. Ẹ fi ṣúrúù síbẹ̀, ẹ yọ gọ́ọ̀mù, ẹ ta jíà oníke yẹn fún mi kí n sanwó ẹ̀. Kí ló le níbẹ̀?