Oògùn ìrora ni ká kọ́kọ́ béèrè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ó yẹ kí Nàìjíríà náà ṣòfin tó máa gba dókítà láyè láti gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ikú, mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe yín. Mi ò sì ní bú ẹni tí ara ń ni débi tó fi ní kí Ọlọ́run wá mú òun lọ. Ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ọn.

Àwọn ìlú tó ti gbà á ò gbà á bákan náà. Ní Netherlands àti Belgium, láti 2002 ni dókítà fúnra rẹ̀ ti lè gún un, tí aláìsàn bá bẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn, tí ìyà náà kò ní àtúnṣe, tí dókítà mìíràn sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Oregon l'Amẹ́ríkà, dókítà á kàn kọ oògùn náà ni, aláìsàn ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e mu, ẹni tí wọ́n rí i pé kò ní lò ju oṣù 6 lọ láyé nìkan ló sì wà fún. Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú ẹni tí ikú rẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di 2021, wọ́n ti yọ gbèdéke yẹn. Ọdún 5 péré. Ibi tẹ́rù ti ń bà mí nìyẹn.

Nílé níbí, abala 326 nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, sọ pé ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Kí aláìsàn gbà pé kí wọ́n pa òun kò gba dókítà sílẹ̀. (Òfin yẹn náà ló ní kí ẹni tó gbìyànjú láti para rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ìyẹn ni kí wọ́n yọ! Arò ló yẹ ká gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá.)

Ẹ má sì pa kíkọ̀ láti gba ìtọ́jú pọ̀ mọ́ ọn. Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá dókítà kan láre, ẹni tí wọ́n fìyà jẹ torí pé obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ láti gbẹ̀jẹ̀, tó sì kú sọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àgbàlagbà tórí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò gba ìtọ́jú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mi ò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́, ẹ gbé mi lọlé", ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti wà ńlẹ̀.

Jẹjẹrẹ ọmú ló mú àǹtí ìyá mi kan ní Ìtòkò l'Abẹ́òkúta ńbí. Lálaalẹ́ ló ń ki etí ìró bọnu, á feyín dì í mú, káwọn ọmọ má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Òun náà bẹ̀ wá pé ká ní kí dókítà gún òun léyìí tóun máa fi sùn lọ. Bẹ́ẹ̀, páràsítámọ̀ ni wọ́n ṣì ń fún un! Nọ́ọ̀sì kan ló tọ́ka wa síbi tí wọ́n ti ń fúnni ní mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, èyí tí wọ́n ń wọ̀n sẹ́nu ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Kò pẹ́ tó fi béèrè láfún àti ewédú, tó tún ń bá ọmọọmọ rẹ̀ du rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Kò rí ìwòsàn. Ó kú. Àmọ́ kò tún dárúkọ abẹ́rẹ́ yẹn mọ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ owó. Àpò ara wa la fi ń tọ́jú ara wa. Ìyá tó ti gbọ́ pé ilẹ̀ kan ṣoṣo tí bàbá àwọn ọmọ fi sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà nítorí òun, ṣé ìfẹ́ inú rẹ̀ ló máa sọ fún dókítà, àbí àánú àwọn ọmọ? Ta ló máa wádìí ẹ̀? Ẹ má sì fi "ikú yá ju ẹ̀sín lọ" dá mi lóhùn. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín.

Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ má pa á, ẹ má sì sá fún un. "Ẹ máa gbé e lọlé, kò sóhun tá a lè ṣe mọ́", láìkọ oògùn ìrora kankan lé e lọ́wọ́, ìkà ni.

Ẹni tó bá ń lọ bá àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn l'Òkè-Mosàn, kó béèrè mọ́fíìnì ní gbogbo ọsibítù ìjọba, kó béèrè owó ìtọ́jú fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Tí wọ́n bá ṣe ìyẹn tán, tí ẹnì kan ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ikú, mo ṣe tán láti tún jókòó sọ ọ́.