Ọmọ Ẹni Kì Í Burú Títí Ká Fi Í Fún Ẹkùn Pa Jẹ

Ẹni tó bá fetí sí òwe yìí dáadáa yóò rí i pé àwọn àgbà kò sọ pé ọmọ kì í burú. Wọ́n gbà pé ó lè burú, àní kí ó burú kọjá ààlà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìjìyà tí kò ní jẹ́ kó padà wálé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí adájọ́ tó ń rò ó bóyá kí òun fi ọmọ sí àhámọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ ní abala 37 pé títi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 mọ́lé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ ìkẹyìn, fún ìgbà tó kúrú jù lọ tó bá yẹ. Ìlànà Beijing ti 1985, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan náà ṣe lórí ìdájọ́ ọmọdé tó bá rú òfin, ti là á sílẹ̀ ṣáájú pé ìwà ipá tó lágbára sí ẹlòmíràn, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí ọmọ ń dá léraléra, ló lè mú un débẹ̀, nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó yẹ.

“Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn” rọrùn láti kọ sínú ìwé. Ohun tí mo máa ń fẹ́ bi adájọ́ ni pé: kí ni ẹ ti kọ́kọ́ gbìyànjú? Ṣé a ti jẹ́ kí ọmọ náà dá ohun tó jí padà, kí ó bẹ ẹni tó ṣẹ̀, kí ó wà lábẹ́ ojú alábòójútó nínú ilé ara rẹ̀? Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ọmọ tó jí fóònù, tí a kó pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀gbólógbòó ọ̀daràn, iṣẹ́ wọn ni yóò kọ́, a ó sì ti fi ọwọ́ ara wa fún ẹkùn.

Síbẹ̀, agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ, tí kò lè sùn dáadáa mọ́, ọmọ ẹnìkan ni òun náà. Bí ẹni tó gún un bá tún ń wá ẹlòmíràn tí yóò gún, tí ìṣọ́ ìta kò sì ká a, mi ò ní bá adájọ́ jà bí ó bá tì í mọ́lé. Ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ náà sọ ẹ̀kọ́ tí yóò máa kọ́ níbẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò tún ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, àti ẹni tí yóò dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó bá jáde.