Sabine Meyer kọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú Berlin Philharmonic

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ pé Sabine Meyer ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ọ́kẹ́sírà Berlin Philharmonic gbà wọlé, àti pé Herbert von Karajan, ọ̀gá tó ń darí ọ́kẹ́sírà náà nígbà yẹn, ló lé e kúrò, kò rí bẹ́ẹ̀. Madeleine Carruzzo, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ta fayolíìnì, ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, ní ọdún 1982, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní ti Karajan, òun gan-an ló fẹ́ kí Meyer, tó ń fọn kílárínẹ́ẹ̀tì, dúró; àmọ́ àwọn olórin ọ́kẹ́sírà yìí fúnra wọn ló máa ń dìbò lórí ẹni tó wà ní sáà ìdánwò, ọ̀gá tó ń darí wọn kò sì lè dá a ṣe. Nígbà tí wọ́n dìbò, 73 kọ̀ ọ́, 4 péré ló gbà á. Wọ́n ní ohùn kílárínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá tàwọn yòókù mu, àwáwí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan èmi, kò fi bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́. Meyer fúnra rẹ̀ ló fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó sì di gbajúmọ̀ káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí adánìkanfọn kílárínẹ́ẹ̀tì.