Bí Ìrora Àyà Bá Lọ Lẹ́yìn Háàtì Atáàkì, Ewu Ò Tíì Tán

Bí háàtì atáàkì bá ṣe èèyàn, tí ilẹ̀ sì mọ́ bá a láàyè, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ ni pé, "Ó ti kọjá, àyà ò dùn ún mọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé." Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Wọ́n á fara da ìrora náà títí á fi rọlẹ̀, wọ́n á sì gbà pé àlàáfíà ti dé. Ìgbàgbọ́ yìí ń pa èèyàn.

Nígbà háàtì atáàkì, ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń dí ọ̀kan nínú àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ẹran ọkàn fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ibi tó bá sì ti kú tán kì í dunni mọ́. Ìrora lè lọ nítorí pé ẹran náà ti kú, láìjẹ́ pé ó san.

Ara á wá rán àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ láti kó òkú ẹran náà kúrò, kí àpá tó lágbára lè rọ́pò rẹ̀. Àpá yẹn ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó gbó. Kó tó dé, pàápàá láàárín ọjọ́ 3 sí 7, ibẹ̀ á rọ̀ jọjọ. Ọkàn ò sì lè sinmi: bó ṣe ń lù lọ́sàn-án lóru ló ń fa ibi tó rọ̀ náà. Ó lè ya, àní láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ pàápàá.

Bó bá jẹ́ ògiri ìta ló ya, ẹ̀jẹ̀ á tú sínú àpò tó yí ọkàn ká, á há ọkàn mọ́, èèyàn sì lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá jẹ́ ògiri àárín tó pín ọkàn sí ọ̀tún àti òsì, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sí gbogbo ara á máa ya gba apá ọ̀tún, á sì kún ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun kẹta tó lè já ló yẹ kí ẹ fiyè sí jù. Nínú yàrá òsì ọkàn, iṣan kékeré méjì wà tó ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ di ilẹ̀kùn kan mú, kó má bàa ṣí sẹ́yìn. Ọ̀kan ń rí ẹ̀jẹ̀ gbà láti òpó méjì. Ìkejì, tó wà lápá ẹ̀yìn, òpó kan ṣoṣo ló sábà máa ń bọ́ ọ, òun ló sì máa ń já jù. Háàtì atáàkì tí kò ba ibi púpọ̀ jẹ́ lè já a. Ẹni tó jókòó tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ á ṣàdédé máa mí gúlegúle, òógùn tútù á bò ó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, ó sì lè máa wúkọ́ itọ́ tó ń hó, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn, dókítà tó bá fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀ lè má gbọ́ ariwo kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré ya àwòrán ọkàn.

Oògùn kì í rán ohun tó ya. Iṣẹ́ abẹ ni. Ọdún 1957 ni Denton Cooley, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọkàn ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ bí wọ́n ṣe tún ògiri àárín tó ya ṣe, àmọ́ títí dòní, ọ̀pọ̀ ṣì ń kú lórí rẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń ní, "Àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, kò le." Àkọ́kọ́ gan-an ni ọkàn máa ń ya sí jù, nítorí pé àwọn òpó kéékèèké tó lè ṣèrànwọ́ ò tíì dàgbà. Àwọn àgbàlagbà, obìnrin, àtàwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ló wà nínú ewu jù. Níbi tí wọ́n bá ti tètè ṣí òpó tó dí, yíya yìí kì í ṣe tó ẹnì kan nínú 100.

Torí náà, bí ìrora bá tilẹ̀ ti lọ, ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí dókítà bá ní kó ṣì sùn síbẹ̀, ẹ má bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac nítorí ara ríro, torí wọ́n lè dí àpá náà lọ́wọ́. Aspirin tí dókítà kọ fún un ní tirẹ̀, kó máa lò ó lọ.