Daisy ò jẹ Gatsby ní gbèsè

Ẹ má sọ̀kò lù mí o. Èrò ọkàn mi ni pé Gatsby ò fẹ́ràn Daisy.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka The Great Gatsby, ìwé F. Scott Fitzgerald tó jáde ní 1925, mo sunkún nítorí ọkùnrin yẹn. Ta ni kò ní sunkún? Ó ra ilé ràgàjì sí òdìkejì omi, kó ṣáà lè máa wo ọ̀ọ́kán ilé Daisy, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ń ṣe àríyá, ó ń bọ́ èrò tí kò mọ̀ rí, pé bóyá Daisy á yà wọlé lọ́jọ́ kan. Bílẹ̀ bá ṣú, ó di kó na ọwọ́ sí iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn lẹ́nu èbúté ilé Daisy. Mo ní irú èyí gan-an ni mo fẹ́. Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún un kà. Ìgbà tí wọ́n mú Pammy wọlé ni mo gbé ìwé sílẹ̀. Pammy ni ọmọ ọdún mẹ́ta tí Daisy bí fún Tom, ọkọ rẹ̀. Gatsby bẹ̀rẹ̀, ó bọ ọmọ lọ́wọ́, ó wá ń wò ó tìyanutìyanu. Nick tó ń sọ ìtàn náà ní òun ò rò pé ó gbà tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà wà lóòótọ́.

Ẹ ò rí nǹkan! Ọdún márùn-ún lo fi ń ro obìnrin, o ò ro ọmọ tó bí mọ́ ọn. Daisy tó ń gbé lọ́kàn Gatsby, ọmọge ọdún méjìdínlógún ni, aláṣọ funfun tó ń wa mọ́tò funfun kékeré kiri Louisville ní 1917. Ìyẹn ò dàgbà, kò relé ọkọ, kò rọbí.

Gatsby, Daisy àti Tom wá dé òtẹ́ẹ̀lì Plaza ní New York, ooru ń mú. Ká ní Gatsby kàn ní kó fi Tom sílẹ̀ ni, ǹ bá ní kò burú. Rárá o, àfi kí Daisy wo ojú Tom, kó ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀ rí láyé. Daisy sọ ọ́ tipátipá. Tom wá bi í pé ọjọ́ tí òun gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Punch Bowl ní Hawaii, kí bàtà ẹ̀ má baà tutù, ńkọ́? Òǹrorò ni Tom, alágbèrè sì ni. Ṣùgbọ́n bàtà yẹn ò tutù lọ́jọ́ náà. Daisy bá jẹ́wọ́: òun fẹ́ràn Tom rí, òun sì fẹ́ràn Gatsby náà.

Ọkùnrin kan bi mí rí bóyá mo fẹ́ràn ẹni tó ṣáájú òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Iyán tó wà níwájú ẹ̀ gan lórí tábìlì.

N ò ní Daisy ò jẹ̀bi nǹkan kan. Òun ló wa mọ́tò tó pa Myrtle, àlè Tom, ó jẹ́ kí Gatsby gbé ẹ̀bi náà rù, nígbà tí Gatsby sì wá kú, kò fi òdòdó kan ránṣẹ́ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ìyẹn ò ṣé gbè lẹ́yìn.

Alẹ́ ọjọ́ ìjàǹbá yẹn, Gatsby dúró níta ilé wọn, ó ní òun ń ṣọ́ Daisy kí Tom má fìyà jẹ ẹ́. Nick ló lọ yọjú lójú fèrèsé. Tọkọtaya jókòó, adìyẹ díndín tó ti tutù àti ìgò bíà méjì wà láàárín wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Tom gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ìyàwó ẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Nick padà, kò sọ ohun tó rí. Ó ní kí Gatsby máa bọ̀ nílé kó lọ sùn. Gatsby kọ̀.