Ẹ Má Kà Á o, Owó Rẹ̀ Á Já Wálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n wá wo ìwé àtijọ́ tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. N ò tíì jókòó tí wọ́n fi na ìbọ̀wọ́ funfun sí mi, àfi bí ẹni pé a fẹ́ gbẹ̀bí. Mo wọ̀ ọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà, mo ní kí n ṣí i báyìí, ni ẹ̀gbọ́n bá figbe ta: "Rọra! Wọn ò tíì là á!"

Lóòótọ́ ni. Ojú ìwé rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn lókè bí ojú ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ̀, láyé ijọ́un, orí abala pépà ńlá kan ni wọ́n ti ń tẹ ojú ìwé bíi mélòó kan pa pọ̀. Wọ́n á ká a, wọ́n á rán an, ó wá kù sọ́wọ́ ẹni tó rà á kó fi ọ̀bẹ la ibi tí wọ́n ká kó tó lè rí inú rẹ̀ kà. Ìwé ẹ̀gbọ́n ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún láyé. Láti ọwọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dé ojú ìwé kẹta. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín wá ọ̀bẹ ni?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ dúńbú ọmọ wọn. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá fi lè kàn án, owó rẹ̀ á já wálẹ̀.

Èmi tí mo rò pé torí kíkà la ṣe ń ra ìwé!

Ìbọ̀wọ́ yẹn gan-an, eré ni. British Library àti àwọn ilé ìkàwé ńlá mìíràn ti sọ ọ́ títí pé ọwọ́ tí èèyàn fọ̀, tó sì gbẹ, ló dáa jù fún ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, torí ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ bí pépà ṣe fẹ́lẹ́ tó, ó sì rọrùn láti fi fà á ya. Ṣùgbọ́n ta ló máa ya fọ́tò ọwọ́ lásán?

Ẹ jẹ́ ká tún bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Pépà tí wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn ìwé, kí eruku má bàa bà á jẹ́ kó tó délé ni wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn tó ń kàwé nígbà náà á bọ́ ọ, wọ́n á sọ ọ́ nù. Lónìí, bí ìwé ọ̀rúndún 20 kan bá jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, pépà yẹn lè lówó lórí ju odindi ìwé tó bò lọ. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ẹ má sọ ọ́ létí àwọn oníwèé àtijọ́. Wọ́n tún wá ń fi ọ̀rá bo ẹ̀wù náà, kí ẹ̀wù má bàa dọ̀tí. Ẹ̀wù ti wọ ẹ̀wù.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àṣìṣe. Ní 1631, Robert Barker àti Martin Lucas tẹ Bíbélì kan ní London. Ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ́ sọnù nínú òfin keje, "kò" lásán-làsàn, ni Ọlọ́run bá ń pàṣẹ fún ọmọ aráyé pé: ìwọ gbọdọ̀ ṣe panṣágà. Wọ́n bu owó ìtanràn 300 pọ́n-ùn lé àwọn méjèèjì lórí, wọ́n sì ní kí wọ́n kó àwọn Bíbélì náà jọ, kí wọ́n run wọ́n. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bọ́ níbẹ̀ ni àwọn olówó ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́ lónìí. Àwọn tó tẹ tiwọn láìṣàṣìṣe ńkọ́? Ta ló bi wọ́n? Torí náà, bẹ́ ẹ bá rí àmì ohùn tó ṣìnà nínú àròkọ yìí, ẹ má bínú sí mi. Ẹ tọ́jú ẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.

Àwọn oníwèé àtijọ́ tún máa ń gbóòórùn ìwé. Wọ́n á dijú, wọ́n á fà á símú, wọ́n á ní ó ń ta sánsán bíi fànílà. Pépà tó ń jẹrà ni wọ́n ń gbóòórùn yẹn.

Ká má parọ́, ti ẹ̀gbọ́n mi ṣì sàn. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Sir Thomas Phillipps, tó ní òun fẹ́ ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gbogbo ìwé tó wà láyé. Kì í ṣe àwàdà o. Ó jẹ gbèsè sọ́rùn àwọn tó ń tàwé, ìwé kún ilé rẹ̀ débi pé àwọn ará ilé ń wá ibi tí wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ sí. Inú àpótí tó jọ pósí ló ń kó wọn sí, pé bí iná bá ṣẹ́yọ, kí wọ́n lè tètè gbé wọn sáré jáde. Ó kú ní 1872. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń ta ẹrù náà.

Kí n tó dìde nílé ẹ̀gbọ́n, mo ní kí n má kàn lọ bẹ́ẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú ìwé yìí gan-an?"

Wọ́n ní, "Pépà tí wọ́n fọwọ́ ṣe ni."

Wọ́n wá yí ẹ̀yìn ìwé náà padà, ojú wọn fà ro. Ihò róbótó kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kòkòrò ti gba ẹ̀yìn wọlé, ó ti la gbogbo ojú ìwé kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti yọ níwájú. Kò wọ ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tọrọ ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n ń ṣépè. Èmi bọ́ ìbọ̀wọ́ tèmi, mo kí kòkòrò kú iṣẹ́.